Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní Morfa Mawddach, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Barmouth?

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ reluwé ni mo gbé wá. A fẹ́ kúrò ní London nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ní oṣù karùn-ún, ká lọ wo etí òkun Wales ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń jẹ́ Morfa Mawddach ló wù wá, torí mo gbọ́ pé láti ibẹ̀ lèèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá onípákó gígùn yẹn dé ìlú Barmouth. Èmi, ọkọ mi, ìyá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 68, àti ọmọ ọdún 6 la máa lọ.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Nínú àtẹ àkókò, lẹ́tà "x" kékeré kan wà lára Morfa Mawddach. Ṣé reluwé kì í dúró níbẹ̀ ni? Wọ́n tún ní ọkọ̀ náà máa ń pín sí méjì lójú ọ̀nà. Apá wo la máa jókòó sí? Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé Morfa la máa rà á dé ni àbí Barmouth? Orúnkún ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ìrìn náà ṣe gùn tó gan-an, ẹ má ṣe dá a kúrú torí kí inú mi lè dùn.

Bàbá_Ojú_Irin

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàbọ̀. Reluwé ń dúró ní Morfa, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ló ń dá a dúró. Ohun tí "x" yẹn ń sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí l'Ékòó á tètè mọ̀ ọ́n: bí kò bá sẹ́ni tó ké "ó wà o," awakọ̀ á gbé e kọjá. Níbí, ẹ ò ní ké. Kọ́ńdọ́kítọ̀ lẹ máa sọ fún kí àkókò tó tó, òun ló máa fi tó awakọ̀ létí.

Kí àkókò tó tó, ibẹ̀ ni kókó wà. Láti Machynlleth, ọkọ̀ tó ń lọ sí Pwllheli máa kan Dovey Junction, Penhelig, Aberdovey, Tywyn, Tonfanau, Llwyngwril àti Fairbourne kó tó kan Morfa Mawddach. Láti Fairbourne sí Morfa, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ẹni tó bá dúró di Fairbourne kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ńdọ́kítọ̀ kiri lè bá a ní kóòṣì kejì níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn, kí wọ́n sì ti bá Morfa kọjá. Nígbà tó bá wá wo tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ́yìn Machynlleth, ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ẹ bá dé Llwyngwril, ẹ tún rán an létí. Ẹ kọ orúkọ ibùdó náà sójú fóònù kí ẹ fi hàn án, torí èdè Welsh kò rọrùn fún ahọ́n wa, "Morfa Mawddach" sì lè jáde lẹ́nu bí ohun mìíràn.

Ní ti ọkọ̀ tó ń pín sí méjì, ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń ṣìnà jù. Èyí tí Transport for Wales ń mú bọ̀ láti Birmingham International sábà máa ń jẹ́ ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, kóòṣì méjì-méjì. Machynlleth ni wọ́n ti ń tú wọn: ọ̀kan á gba Aberystwyth lọ, èkejì á gba etí òkun lọ sí Pwllheli. Ti Pwllheli ni tiyín.

Shrewsbury ló ń da orí rú. Reluwé tó bá ti Wolverhampton wọ Shrewsbury máa ń yí ojú padà níbẹ̀, nítorí pé apá gúúsù ibùdó náà ló gbà wọlé, apá kan náà ló sì máa gbà jáde lọ sí Wales. Kóòṣì tó wà níwájú láti Birmingham á wá di ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún yín ní Wolverhampton pé "ẹ lọ síwájú," ẹ bi í bóyá iwájú kí a tó dé Shrewsbury ni àbí lẹ́yìn ibẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò ní Shrewsbury, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀. Bó bá hàn pé apá tí kì í ṣe tiyín lẹ jókòó sí, ẹ má kó jìnnìjìnnì: ọ̀nà wà láàárín àwọn kóòṣì náà nígbà tí wọ́n bá so pọ̀, ẹ lè rìn gba inú ọkọ̀ kọjá sí apá kejì. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe é kí ọkọ̀ tó dé Machynlleth. Láti Shrewsbury sí Machynlleth lé díẹ̀ ní wákàtí kan, ààyè pọ̀ dáadáa.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ̀, ẹ máa sọ̀ ní Machynlleth kí ẹ wọ òmíràn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ "change at Machynlleth" sí ìrìnàjò yín, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Táyé_Manchester

Bàbá ti sọ ọ́ tán lórí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti owó.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì dé Barmouth, kí ó jẹ́ Off-Peak Return, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ fún àkókò tí èrò kì í pọ̀. Morfa wà lójú ọ̀nà Barmouth, irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí sì máa ń fàyè gba èèyàn láti sọ̀ kó tó dé òpin ìrìnàjò rẹ̀. Ẹ ó sọ̀ ní Morfa, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé Barmouth, láti Barmouth lẹ ó sì ti wọ ọkọ̀ padà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Bó bá jẹ́ Morfa lẹ rà á dé, ẹ máa tún sanwó ibùsọ̀ kan nígbà tí ẹ bá ń padà láti Barmouth. Owó kékeré ni, àmọ́ kí ló dé tí ẹ fẹ́ san án?

Advance máa ń dínwó, ṣùgbọ́n kò fàyè gba kí èèyàn sọ̀ láàárín ọ̀nà. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí i náà lẹ gbọ́dọ̀ wọ̀. Fún ìrìnàjò yìí, èmi ò ní rà á.

Nítorí pé ọmọ ọdún 6 wà pẹ̀lú yín, ẹ wo Family & Friends Railcard. Káàdì kan ṣoṣo lè gbé àgbàlagbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́rin, tí ọmọ kan ó kéré tán bá ti wà nínú ìrìnàjò náà. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àgbàlagbà, ó sì ń yọ 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ti ọmọdé. Láti 2025, £35 ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin mẹ́rin, láti London dé Wales ní àlọ àti àbọ̀: owó káàdì á ti padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́mì lè ní Senior Railcard tiwọn nítorí pé wọ́n ti lé ní 60, ṣùgbọ́n wọn ò nílò rẹ̀ fún ìrìnàjò yìí. Káàdì kan kì í gun orí òmíràn.

Bí ẹ bá máa sùn ní Barmouth, tí ẹ sì fẹ́ fi ọjọ́ kejì lọ sókè lọ sódò létí òkun, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Cambrian Coaster. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Morfa. Ẹni tó bá wọkọ̀ níbẹ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì á rà á nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó máa bu owó ìtanràn lé e.

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti Shrewsbury yẹn ì bá ti mú wa!

Ìbéèrè mìíràn. Bó bá jẹ́ pé Barmouth la kọ́kọ́ dé, tí a wá rìn padà sí Morfa, ká wọkọ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ọkọ mi ló ń rò ó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kọjá lára wa níbẹ̀, kí la máa ṣe?

Arìnrìnàjò_Cardiff

Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí wọ́n yí i padà. Ẹ sọ̀ ní Morfa, kí ẹ parí rẹ̀ sí Barmouth. Mo ní ìdí.

Barmouth jẹ́ ìlú. Ilé oúnjẹ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí òjò ò ti ní pa yín wà, ọkọ̀ ojú irin tó bá kọjá sì gbọ́dọ̀ dúró, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa nawọ́ sí i. Morfa jẹ́ pèpéle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ àbàtà àti pápá àgùntàn. Bó bá rẹ ọmọ tàbí tó rẹ Mọ́mì nígbà tí ẹ bá dé Morfa, ìdúró ló kù fún yín, ọkọ̀ sì máa ń tó wákàtí méjì-méjì síra wọn lójú ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, pàápàá nígbà òtútù, ó tún máa ń fọ́nká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá parí ìrìn sí Barmouth, kódà bí ọkọ̀ kan bá fò ó, á wá ibi jókòó, á sì rí nǹkan jẹ.

Ní ti bó ṣe gùn tó: láti pèpéle Morfa dé ibùdó Barmouth, ó tó kìlómítà méjì àti ààbọ̀. Afárá fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 800 mítà. Ẹni tí ara rẹ̀ le á rìn ín ní ìṣẹ́jú 35 sí 40. Pẹ̀lú ọmọ ọdún 6 tó fẹ́ yọjú wo omi ní gbogbo ìgbà, ẹ fi wákàtí kan sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè, àfi bí ẹ bá ti kúrò lórí afárá ní apá Barmouth, tí ọ̀nà wá gun òkè díẹ̀ kó tó já sí títì. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ orí afárá. Bí òjò bá ti rọ̀, ó máa ń yọ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé oní-táyà ńlá á gbà á kọjá, àwọn oní-táyà kékeré wọ̀nyẹn á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà ń gbà á, torí pé ara ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Britain nọ́ńbà 8 ni, nítorí náà ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú.

Kò sí ibi ìsádi kankan lórí afárá yẹn. Atẹ́gùn òkun ń gba ibẹ̀ tààrà. Kódà ní oṣù karùn-ún, ẹ mú ẹ̀wù òjò tó ní fìlà. Agbòjò ò wúlò níbẹ̀, ńṣe ni atẹ́gùn á yí i padà.

Fún Mọ́mì, ohun tí mo máa sọ ni pé kí wọ́n má sọ̀ ní Morfa rárá. Kí àwọn àti ẹnì kan nínú yín jókòó sínú ọkọ̀ lọ sí Barmouth. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún wọn, orí afárá yẹn kan náà ni ọkọ̀ máa gbà, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n á rí gbogbo ohun tí ẹ ń rí láìfi orúnkún san án. Ẹ̀yin tó kù á rìn, ẹ ó bá wọn ní Barmouth. Kí olúkúlùkù mú tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́wọ́, kí railcard sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń bá ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ọmọ náà. Láìsí ọmọ, káàdì ò níṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó pín ara yín, ẹ ronú kan èyí dáadáa.

Bàbá_Ojú_Irin

Ọ̀rọ̀ Arìnrìnàjò yẹn gún régé. Ti káàdì yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò ronú kàn án. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí kọ́ńdọ́kítọ̀ ti wo gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì pọ̀ kí ọkọ̀ tó dé Llwyngwril, nígbà tí ẹ ṣì wà lójú kan. Kí ẹ ṣàlàyé fún un pé àwọn kan máa sọ̀ ní Morfa, àwọn kan ò ní sọ̀.

Wàyí o, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ wọkọ̀ ní Morfa lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ojú irin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, pèpéle kan náà sì ni ọkọ̀ tó ń lọ sókè àti èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ń lò. Ẹ wo orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ kí ẹ tó nawọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè dá ọkọ̀ Pwllheli dúró nígbà tó jẹ́ Machynlleth lẹ ń lọ. Ẹ dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí yín láti òkèèrè, ẹ má wọ inú ibi ìsádi lọ. Bí ọkọ̀ bá ti yọ, ẹ na ọwọ́ kan síta, kedere, kí ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó ti ń dẹ̀rọ̀. Ẹ má gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, ẹ má sì máa ju iná tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójú òfin reluwé ilẹ̀ Britain, àmì ewu ni méjèèjì: ohun tí awakọ̀ máa kà sí i ni pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lójú irin.

Ẹ má sì máa wá iná pupa àti iná àwọ̀ ewé tí yóò sọ fún yín pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Lójú ọ̀nà Cambrian yìí, wọ́n ti kó irú iná bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti 2011. Inú yàrá awakọ̀, lójú skírìnì, ni gbogbo àṣẹ ti ń hàn báyìí. Òun ni ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbé ERTMS, ètò ìdarí ọkọ̀ ojú irin ti ilẹ̀ Yúróòpù, kalẹ̀ ní Britain. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kìlómítà ni skírìnì náà ń kà nígbà tó jẹ́ máìlì ni wọ́n ń kà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ojú irin Britain.

Bí ọkọ̀ bá kọjá lára yín ní Morfa: ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Barmouth. Ìṣẹ́jú 40 lẹ máa lò. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e sì lè tó wákàtí méjì kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀ sójú irin láti gé ọ̀nà kúrú, kódà bí kò bá sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000.

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn. Kí ló dé tí wọ́n fi pákó kọ́ afárá tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tí reluwé sì ń gun orí rẹ̀? Ṣé kò léwu?

Bàbá_Ojú_Irin

Ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ lábẹ́ omi níbi tí odò Mawddach ti ń wọ òkun, òkúta jìn sísàlẹ̀. Wọ́n ri òpó pákó mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, àwọn òpó náà sì pín ẹrù ọkọ̀ láàárín ara wọn. 1867 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ní apá Barmouth, níbi tí omi ti jìn, irin ni wọ́n lò, torí pé nígbà yẹn ó ní láti ṣí fún ọkọ̀ ojú omi. Kò ṣí mọ́ báyìí.

Nǹkan tó ń pa pákó inú òkun kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀dá kan wà tó ń gbẹ́ inú pákó lábẹ́ omi iyọ̀, tó ń jẹ ẹ́ láti inú, tí ara rẹ̀ lóde á ṣì máa dán. Ní 1980 ni wọ́n rí i pé ó ti ba àwọn òpó kan jẹ́ gidi. Wọ́n ti afárá náà, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣí ní 1981, ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láyè. Láti 2020 sí 2023 ni Network Rail tún un ṣe pátápátá: wọ́n pààrọ̀ pákó tó ti gbó, wọ́n sì gbé irin tuntun sí apá tó jẹ́ ti irin. Iṣẹ́ náà ná wọn ní nǹkan bí £30 mílíọ̀nù. Pákó ni wọ́n fi rọ́pò pákó, torí pé ìjọba ti fi afárá náà sí ara àwọn ilé àti ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò. Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni Àkúrẹ́, ara rẹ̀ dá báyìí ju ti 40 ọdún sẹ́yìn lọ.

Ohun tó léwu jù lójú ọ̀nà yẹn ni òkun àti àpáta. Láàárín Llwyngwril sí Fairbourne, ẹ̀gbẹ́ àpáta Friog ni ojú irin gbà, òkun wà nísàlẹ̀ tààrà. Ní 1883 àti ní 1933, ilẹ̀ àti òkúta ya lulẹ̀ níbẹ̀, reluwé sì ṣubú, àwọn èèyàn kú. Lẹ́yìn ti 1933 ni wọ́n fi kọnkéré kọ́ òrùlé sórí ojú irin níbẹ̀, kí òkúta tó bá jábọ́ lè ré kọjá sínú òkun. Ọkọ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹ ò bá ṣọ́ra ẹ ò ní mọ̀. Ní oṣù kìíní 2014, ìjì òkun gbá ojú irin ní Tywyn àti ní Llanaber, lókè Barmouth, ó sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọkọ̀ tó tún lè kọjá láti Barmouth dé Harlech. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta gbọ́dọ̀ wo ìkéde ojoojúmọ́. Bí ìjì bá ń bọ̀, wọ́n á ti ojú ọ̀nà pa kí ó tó dé, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀sì rọ́pò. Bọ́ọ̀sì kò lè gba orí afárá, ó máa ní láti yípo gba Dolgellau.

Kẹ́mi_Reading

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n láti London, kí ló dé tí wọn ò lọ sí Dawlish? Paddington ni, wọ́n á pààrọ̀ ọkọ̀ ní Exeter St Davids, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n ti dé. Pèpéle wà lókè etíkun gan-an, ọkọ̀ máa ń dúró láìnawọ́ sí i. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tuntun tó ní lífíìtì ti wà níbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ibẹ̀ ni omi ti gbá nǹkan bí 80 mítà ògiri òkun lọ ní oṣù kejì 2014, tí ojú irin wá ń rọ̀ lófuurufú; ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún náà ni ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Wọ́n ti mọ ògiri gíga tuntun báyìí.

Arìnrìnàjò_Cardiff

Àǹtí Kẹ́mi, fún ìrìnàjò ọjọ́ kan, Dawlish ló dáa jù, mo gbà. London sí Barmouth lè tó wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ ló máa ti lo ọjọ́ rẹ̀. Àmọ́ mo rò pé àwọn Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ sùn síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ sì yàtọ̀. Ní Dawlish, òkun lèèyàn ń wò. Ní Morfa, òkun wà lọ́wọ́ kan, òkè Cadair Idris wà lọ́wọ́ kejì, odò sì ń gba àárín wọn kọjá.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ wo àkókò tí omi òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà ní Barmouth kí ẹ tó yan ọkọ̀. Bí omi bá fà, yanrìn ló máa pọ̀ jù, ẹ ó rí ẹsẹ̀ òpó pákó wọ̀nyẹn láti ìdí. Bó bá kún, omi á bo gbogbo rẹ̀, òkè á sì hàn nínú omi bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Fún ọmọdé, èmi á yan ìgbà tí omi bá fà, torí ẹyẹ máa ń pọ̀ lórí yanrìn nígbà yẹn. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò reluwé láti orí pèpéle, ẹ pa fíláàṣì.

Àbẹ̀kẹ́_Lewisham

Ẹ kú làálàá, gbogbo yín. A máa sùn ní Barmouth fún òru méjì. Èmi àti ọkọ mi la máa rìn. Ìyá mi àti ọmọ á bá ọkọ̀ lọ, railcard á wà lọ́wọ́ ìyá mi, a ó sì jẹ́ kí kọ́ńdọ́kítọ̀ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ọkọ̀ tó dé Llwyngwril. Ó kù ìbéèrè méjì: ẹ̀gbẹ́ wo nínú ọkọ̀ ni kí ìyá mi jókòó sí kí wọ́n lè rí òkun? Ẹrù ńkọ́, ṣé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù sí wà ní Morfa? Mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á lè sọ̀ ní Barmouth láìsí ẹni tó máa dì wọ́n mú.

Bàbá_Ojú_Irin

Ọwọ́ òsì, tí ẹ bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ láti Machynlleth. Odò Dyfi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, ó di Aberdovey kí ó tó di òkun, ó sì jẹ́ òkun títí dé Fairbourne. Lórí afárá, kí wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni àwọn òkè wà. Ẹ má yan ìjókòó fún wọn ní Birmingham, nítorí Shrewsbury máa yí gbogbo rẹ̀ padà. Kí ẹ ṣe é ní Machynlleth, nígbà tí apá Aberystwyth bá ti kúrò tí àyè sì ti yọ.

Kò sí ibi ìtọ́jú ẹrù ní Morfa. Ẹrù ńlá á bá ìyá yín lọ, ẹ sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn tó súnmọ́ wọn jù kí ẹ tó sọ̀. Fún sísọ̀kalẹ̀, ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún Passenger Assist, ètò ìrànlọ́wọ́ fún èrò reluwé. Ọ̀fẹ́ ni, wákàtí méjì ṣáájú ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pé ìyá àgbà àti ọmọdé kan ni, pé ẹrù wà lọ́wọ́ wọn, pé Barmouth ni wọ́n ti ń sọ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ̀ sórí pèpéle, nítorí náà ẹ tún fẹnu ara yín sọ fún un nígbà tí ẹ bá ń rán an létí Morfa. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó ní ibùdó náà dè yín; ẹ ò ní ju wákàtí kan lọ.

Táyé_Manchester

Ẹ tún fi èyí kún un: ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ kí ẹ tó dé Fairbourne. Ẹ sì tẹ àkókò ọkọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì sórí ìwé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe ségesège láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú íméèlì lè kọ̀ láti ṣí.